Orúkọ Tó Tẹ̀ Lé Wa Wálé Láti Etí Òkun

Ẹni tó bá ti ṣe àgùnbánirọ̀ rí mọ àwọn Man O' War dáadáa: àwọn tó ń fi orin lé oorun lójú ẹni, tí wọ́n á sì ní kí ọmọ tí kò gun igi rí gun okùn. Ọkọ̀ ogun ni mo kọ́kọ́ rò pé orúkọ náà ń tọ́ka sí. Àṣé orúkọ etí òkun kan ni.

Ní 1951, òyìnbó kan, Alec Dickson, dá ibùdó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀ ní Man O' War Bay, nítòsí Victoria tí à ń pè ní Limbe lónìí. Nígbà náà, Gẹ̀ẹ́sì ṣì ń ṣàkóso Gúúsù Kamẹrúùnù pọ̀ mọ́ Nàìjíríà. Àwọn ọ̀dọ́ ń lúwẹ̀ẹ́ nínú òkun, wọ́n ń gun Òkè Kamẹrúùnù tó ga ju 4,000 mítà lọ, wọ́n sì ń bá ará abúlé ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ abúlé yìí ló wù mí jù. Láyé ìgbà tí ọ̀pọ̀ gbà pé ìwé kíkà ló ń gba ọwọ́ ẹni lọ́wọ́ ọkọ́, wọ́n ní kí ọ̀mọ̀wé gbé ṣọ́bìrì!

Nígbà tí Gúúsù Kamẹrúùnù bá Kamẹrúùnù lọ ní 1961, ẹ̀kọ́ náà wá sí Nàìjíríà, orúkọ etí òkun náà sì tẹ̀ lé e. Lónìí, àpáta Shere Hills lẹ́bàá Jos ni wọ́n ti ń kọ́ òkè gígùn. Nígbà mìíràn, ẹni tó ń gùn kì í rí ojú ẹni tó di okùn rẹ̀ mú. Ohùn rẹ̀ nìkan ló ń gbọ́.