Ẹyin, Àtọ̀ àti Ọ̀rọ̀-ìṣe: Àgbéyẹ̀wò Àròkọ Emily Martin gẹ́gẹ́ bí Ohun-èlò Ìkọ́ni

Nínú bébà yìí, a fẹ́ yẹ àròkọ kan wò tí Emily Martin, onímọ̀ nípa àṣà àti ìgbé-ayé ẹ̀dá, kọ sínú ìwé àtìgbàdégbà Signs ní 1991. ‘The Egg and the Sperm’ ni ìbẹ̀rẹ̀ àkọlé rẹ̀. Ìbéèrè wa kò ju ẹyọ kan lọ: ǹjẹ́ àròkọ yìí tó ohun tí a lè fi kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ tí kò tíì gboyè àkọ́kọ́, tí ń kọ́ bàọ́lọ́jì nípa ọmọ bíbí, bí yóò ṣe ṣèwádìí àti bí yóò ṣe ròyìn ohun tí ó rí fún ẹlòmíràn? Èrò wa ni pé ó tó fi bẹ̀rẹ̀, kò tó fi parí. Àti pé fún ẹni tí yóò ròyìn ní èdè Yorùbá, ibòmíràn ni ewu gan-an wà.

Ohun tí Martin ṣe kò ṣòro láti ṣàlàyé. Ó kó àwọn ìwé ẹ̀kọ́ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ń múra láti di dókítà ń lò ní Yunifásítì Johns Hopkins, ní Amẹ́ríkà, ó sì kà wọ́n bí àwa ṣe máa ń ka ìtàn-àròsọ: ta ni olùwà gbólóhùn, kí ni ọ̀rọ̀-ìṣe rẹ̀, ta ni wọ́n sọ di àbọ̀? Ó rí i pé sẹ́ẹ̀lì inú àtọ̀ ni ó sábà máa ń jẹ́ olùwà. Òun ni ó ń lúwẹ̀ẹ́, òun ni ó ń ya wọlé. Ẹyin obìnrin, ní tirẹ̀, jókòó sójú kan bí ìyàwó tí ń retí ọkọ. Nǹkan oṣù di àdánù àti pàǹtí. Ṣùgbọ́n àràádọ́ta ọ̀kẹ́ sẹ́ẹ̀lì inú àtọ̀ tí ara ọkùnrin ń ṣe lójoojúmọ́ di ohun ìyanu. Gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ lámèyítọ́, a kò lè fojú kékeré wo èyí.

Síbẹ̀, ìgbà tí ó kúrò nínú ìwé, tí ó wọ yàrá àyẹ̀wò, ni iṣẹ́ rẹ̀ wúlò jù fún olùkọ́. Ó ròyìn iṣẹ́ àwọn aṣèwádìí kan ní Johns Hopkins kan náà, tí wọ́n wọn agbára ìrù sẹ́ẹ̀lì inú àtọ̀. Agbára tí ó fi ń ti ara rẹ̀ síwájú kéré jọjọ. Èyí tí ó fi ń ju ara rẹ̀ sọ́tùn-ún sósì tó ìlọ́po mẹ́wàá rẹ̀. Bí ẹni tí ó fẹ́ já ara rẹ̀ gbà ni èyí rí, àfi pé ara ẹyin ti dì í mú. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn aṣèwádìí wọ̀nyí jókòó láti kọ àbájáde wọn, Martin fi hàn pé sẹ́ẹ̀lì inú àtọ̀ náà ni wọ́n tún fi ṣe olùwà tí ń kọlu ẹyin. Ọwọ́ wọn ohun kan. Gègé kọ ohun mìíràn. A lè fi èyí tí ó ṣáájú kún un: ní 1951, C. R. Austin ní Ọsirélíà àti M. C. Chang ní Amẹ́ríkà, láìfikùn lukùn, rí i lára eku àti ehoro pé sẹ́ẹ̀lì inú àtọ̀ kò lè wọnú ẹyin àfi bí ó bá kọ́kọ́ lo wákàtí díẹ̀ nínú ara abo. Eré ìje wo ni èyí, tí olùsáré gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dúró kí ọ̀nà tún un ṣe?

Ibi tí ẹsẹ̀ Martin ti yẹ̀ ni ibi ìṣirò. Ó ní fún ọmọ kọ̀ọ̀kan tí a bí, nǹkan bí 200 ẹyin ni obìnrin ń fi ṣòfò, nígbà tí ọkùnrin ń fi sẹ́ẹ̀lì tí ó lé ní tírílíọ̀nù kan ṣòfò. Ó dùn ún gbọ́, ó sì jọ pé ẹ̀fẹ̀ ni ó fi ṣe. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ‘òfò’ tí ó ń tìtorí rẹ̀ bá àwọn onímọ̀ jà náà ni ó gbé kọ́ ọkùnrin lọ́rùn. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá kọ́gbọ́n níbẹ̀ yóò rò pé kí a sáà pààrọ̀ ẹni tí a ń bú ti tó. Ó ní kí a jí àwọn àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́ tí ó sùn. Bí wọ́n bá wá jí, kí ni a óò fi wọ́n ṣe?

A béèrè èyí nítorí pé àwọn onímọ̀ kò fi àfiwé sílẹ̀ lẹ́yìn 1991. Ní 2005, àwọn ará Jàpáànì tí wọ́n ṣàwárí prótéìnì kan lára sẹ́ẹ̀lì inú àtọ̀, èyí tí ìdàpọ̀ kò lè wáyé láìsí i, pè é ní Izumo, orúkọ ojúbọ tí ó jẹ mọ́ ìgbéyàwó. Nígbà tí àwọn aṣèwádìí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rí ẹnìkejì rẹ̀ lára ẹyin ní 2014, Juno ni wọ́n sọ ọ́, òrìṣà ìgbéyàwó àwọn ará Róòmù àtijọ́. A kò rí ẹ̀ṣẹ̀ nínú rẹ̀. Kò sẹ́ni tí yóò ka Juno tí yóò rò pé wọ́n rí ìyàwó lábẹ́ máíkírósíkóòpù. Àfiwé tí ó gba ipò ẹ̀rí ni kí a bẹ̀rù.

Ẹ jẹ́ kí a mú ọ̀rọ̀ wá sílé. Púpọ̀ nínú àwọn tí ń kọ́ ẹ̀kọ́ yìí lọ́dọ̀ wa ni yóò ṣàlàyé rẹ̀ lọ́jọ́ kan ní Yorùbá, fún aláìsàn tàbí lórí rédíò. Ọ̀rọ̀-ìṣe wa kò fi bẹ́ẹ̀ ṣègbè: ‘bí’ kan náà ni a ń lò fún bàbá àti ìyá. Inú ọ̀rọ̀-orúkọ ni ewu tiwa wà. ‘Ẹyin’ kò ṣòro púpọ̀. Kí akẹ́kọ̀ọ́ sáà sọ pé ti obìnrin kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà lọ. (Ẹyin tí àwọn àgbà fi ohùn wé, ti adìẹ ni.) ‘Àtọ̀’ ni ó le. Omi tí ó ń jáde lára ọkùnrin ni àtọ̀, òun náà ni a sì tún ń pe sẹ́ẹ̀lì tí ó wà nínú omi ọ̀hún. Ìdí nìyí tí a fi ń pe ti kejì ní ‘sẹ́ẹ̀lì inú àtọ̀’ láti ìbẹ̀rẹ̀, bí ó tilẹ̀ gùn. Omi yìí lè pọ̀ kí ojú rẹ̀ sì dára, síbẹ̀ kí ó má sí sẹ́ẹ̀lì kankan nínú rẹ̀, ojú lásán kò sì lè mọ̀ ọ́n. Ní ìdàkejì, ‘àgàn’ wà nílẹ̀, obìnrin ni a sì ń fi pè. ‘Akúra’ àti ‘òkóbó’ tí a ní fún ọkùnrin, agbára ìbálòpọ̀ ni wọ́n ń tọ́ka sí. Ọkùnrin tí ara rẹ̀ le, tí àtọ̀ rẹ̀ ń jáde, tí kò sì lè bímọ, kò ní orúkọ. Ó rọrùn, nígbà náà, kí ẹbí ọkọ máa gbé ìyàwó kiri ilé ìwòsàn àti ilé àdúrà fún ọdún mẹ́wàá kí ẹnikẹ́ni tó sọ pé kí a yẹ ọkọ wò. Martin kò lè rí èyí, nítorí pé ìwé Gẹ̀ẹ́sì ni ó ń kà.

Iṣẹ́ tí a dábàá fún kíláàsì ni pé kí a fún akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan ní gbólóhùn kan péré láti inú ìwé ẹ̀kọ́. Kí ó fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe rẹ̀, kí ó sì kọ ohun tí wọ́n rí tàbí tí wọ́n wọ̀n, àti lára ẹran wo, nítorí pé akẹ́kọ̀ọ́ máa ń yára fo láti ara eku dé ara ènìyàn. Lẹ́yìn èyí, kí ó sọ ọ́ ní Yorùbá fún ẹni tí kò kọ́ sáyẹ́ǹsì, kí ẹni náà sì tún un sọ padà. Ohun tí ẹni náà sọ padà ni kí olùkọ́ fún ní máàkì. Bí àpẹẹrẹ, ‘Obìnrin náà yàgàn’ kò ní yege. Èyí tí ó lè yege ni: ‘Ọdún méjì ni tọkọtaya yìí ti ń wá ọmọ, a ti yẹ ìyàwó wò, a kò tíì yẹ ọkọ wò.’