Tommie Frazier: Ṣé Lóòótọ́ Ni Iṣẹ́ Rẹ̀ Kò Parí?

 Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ lọ́tẹ̀ yìí jẹ mọ́ bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà, èyí tí ọ̀pọ̀ nínú àwa òbí kò kà sí nǹkan kan, tí àwọn ọmọ wa sì fẹ́ràn ju iyán lọ.

Nígbà tí a dé ìpínlẹ̀ Nebraska láti kọ́ ẹ̀kọ́ ìṣirò owó, ó ti pẹ́ tí Tommie Frazier ti kúrò níbẹ̀. Síbẹ̀, kò sí ilé oúnjẹ tàbí ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ tí a wọ̀ tí a kò bá orúkọ rẹ̀ lẹ́nu wọn. Wọn á yìn ín títí, lẹ́yìn náà wọn á mí kanlẹ̀, wọn á ní, ó mà ṣe o, kò rí ọ̀nà lọ. Ohun tí wọ́n ní lọ́kàn ni pé kò gbá bọ́ọ̀lù ní NFL, ìyẹn àjọ àwọn tí ń fi bọ́ọ̀lù yìí jẹun, níbi tí owó wà. Àwa náà gbà bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, àfi ìgbà tí ọmọ wa ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, wá sọ pé òun fẹ́ ṣe kọ́tábáàkì ní ilé ìwé òun. A bi í pé kí ni ìyẹn yóò dà fún un lọ́la. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Dádì, ṣé gbogbo nǹkan ló gbọ́dọ̀ di nǹkan mìíràn ni?" A bínú sí i lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí a tún jókòó wo àwọn fídíò Frazier, a sì rí i pé ẹjọ́ tí a ti ń dá fún ọkùnrin yìí kò tọ́.

Kí ẹni tí kò mọ eré náà lè bá wa lọ: kọ́tábáàkì ni ẹni tí bọ́ọ̀lù ń kọ́kọ́ bọ́ sí lọ́wọ́ nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ bá fẹ́ rìn síwájú. Nínú ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́, iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó dúró sẹ́yìn, kí ó ju bọ́ọ̀lù sí ẹni tí ó ti sá lọ níwájú. Ní Nebraska ayé Tom Osborne, akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Eré tí wọ́n ń pè ní option ni wọ́n ń gbá. Frazier á gba bọ́ọ̀lù, á tì í sí ikùn ẹni tí ń sáré kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní í tíì jọ̀wọ́ rẹ̀. Ojú rẹ̀ á wà lára ẹnì kan ṣoṣo nínú àwọn alátakò. Bí ẹni yẹn bá kọ̀ tí kò lé ẹni tí ń sáré, Frazier á fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀ fún un. Bí ó bá lé e, Frazier á fà á yọ, á gba ẹ̀gbẹ́ lọ. Bí ẹlòmíràn bá tún pàdé rẹ̀ níbẹ̀, ó lè jù ú sí ẹni tí ń tẹ̀ lé e, ó sì lè mú un lọ fúnra rẹ̀. Gbogbo èyí kò ju ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan lọ, ẹni tí ó bá sì ṣi ìṣirò rẹ̀, egungun rẹ̀ ni yóò san gbèsè. Àwọn tí ń sọ pé ẹsẹ̀ nìkan ni Frazier ní kò wo ojú rẹ̀.

Ọmọ Bradenton ní Florida ni. Ọdún 1992 ni ó dé ìlú Lincoln, kí ọdún náà sì tó parí, ó ti gba ipò lọ́wọ́ àwọn tí ó bá níbẹ̀. Nínú ìdíje 36 tí òun bẹ̀rẹ̀, Nebraska borí nínú 33. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ó gbá fún oyè gbogbo Amẹ́ríkà, ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n sì pè é ní ẹni tí ó ta yọ nínú ẹgbẹ́ rẹ̀, títí kan ti January 1, 1994, tí Florida State fi 18 sí 16 borí wọn.

Èyí tí ó wú wa jù ni ti ọdún kẹta rẹ̀, ó sì jẹ́ èyí tí wọn kì í sábà sọ. Ní September 1994, ẹ̀jẹ̀ dì ní ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀. Irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀, bí ó bá rìn dé ẹ̀dọ̀fóró, ó lè pa ènìyàn. Wọ́n dá a jókòó, Brook Berringer sì gba iṣẹ́ náà, ó ṣe é débi pé ẹnikẹ́ni kò borí wọn lọ́dún yẹn. (Ọkọ̀ òfúrufú kékeré ló pa Berringer ní April 1996. Kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere.) Ní January 1, 1995, wọ́n pàdé Miami. Frazier bẹ̀rẹ̀, wọ́n yọ ọ́, Berringer wọlé. Ní ìdá mẹ́rin tí ó kẹ́yìn, tí Miami ní 17, tí Nebraska ní 9, Osborne tún pe Frazier padà. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti jókòó fún oṣù mẹ́ta yóò fẹ́ fi ara rẹ̀ hàn. Òun kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ó fi bọ́ọ̀lù lé Cory Schlesinger lọ́wọ́, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni Schlesinger gba àárín lọ tí ó sì gbé e wọlé. Ó di 24 sí 17. Osborne, tí ó ti wà nídìí iṣẹ́ náà láti 1973, gba oyè àkọ́kọ́ rẹ̀. Ẹni tí ó mọ ìgbà tí ó yẹ kí òun fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀ ni a ń wò yẹn.

Ti January 2, 1996 ni gbogbo ayé mọ̀. Nebraska na Florida ní 62 sí 24, Frazier fi ẹsẹ̀ kó yáàdì 199. Nínú rẹ̀ ni eré yáàdì 75 wà. Àwọn alátakò dì mọ́ ọn, a ka bí ẹni mẹ́fà tàbí méje tí ọwọ́ wọn kàn án, ó sì dà bí ẹni pé ó ti parí. Àwọn oníròyìn a máa pè é ní agbára. A ti wò ó ju ogún ìgbà lọ, a kò rò pé agbára ni. Kò fi orí sọ ẹnikẹ́ni. Ó kàn dúró lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ó ń tẹ̀ ẹ́ kéékèèké, títí ọwọ́ wọn fi yọ̀ kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Kò dára tán o. Nǹkan bí ìdajì péré nínú bọ́ọ̀lù tí ó jù ni ó dé ọwọ́ ẹni tí ó jù ú sí, àwọn géńdé tí ń lànà fún un níwájú sì dára gan-an. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìṣirò náà: yáàdì 3,521 láti ọwọ́, 1,955 láti ẹsẹ̀, àpapọ̀ 5,476. Touchdown 43 tí ó jù, 36 tí ó gbé wọlé fúnra rẹ̀. Wọ́n dìbò Heisman ti 1995 kí ìdíje Florida tó wáyé, Eddie George ti Ohio State ni ó gbà á, Frazier ṣe ìkejì. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ NFL ń yan ènìyàn ní 1996, kò sí èyí tí ó pe orúkọ rẹ̀, nítorí ẹ̀jẹ̀ yẹn. Ó lọ sí Montreal ní Canada, kò pẹ́ níbẹ̀. Wọn kò yan Adewale Ogunleye tiwa náà láti Indiana ní 2000 nítorí orúnkún, ṣùgbọ́n orúnkún sàn, ó sì dé Pro Bowl ti ọdún 2003. Ti Frazier kò rí bẹ́ẹ̀.

Ibi tí àwa oníṣirò owó ti ní ẹjọ́ nìyí, kì í sì í ṣe NFL. Láti 1962 ni gbogbo ìjókòó pápá Lincoln ti ń tà tán. Frazier gba owó ilé ìwé, ibùsùn, oúnjẹ àti ìwé. Òfin kò jẹ́ kí ó gba kọ́bọ̀ lórí orúkọ ara rẹ̀. Ọdún 2021 ni wọ́n tó gbà kí àwọn ọmọ náà máa fi orúkọ wọn pawó, ó sì di 2025 kí àwọn yunifásítì fúnra wọn tó lè san owó fún wọn. Gbèsè rẹ̀ wà níbẹ̀ tí a kò kọ sínú ìwé. Kàkà kí wọ́n ka èyí, wọ́n ń káàánú rẹ̀ nítorí owó tí kò lọ gbà níbòmíràn, bí ẹni pé ọdún mẹ́rin yẹn jẹ́ àsansílẹ̀ lásán. Ẹni tí ó jó lọ́jọ́ ọdún eégún, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ìlù mu, ta ni í bi í pé kí ni ijó náà dà? Ijó náà ti pé.

A ti gbà fún ọmọ wa, ìyá rẹ̀ sì ti sọ irú máàkì tí òun fẹ́ rí. Nínú ìdíje rẹ̀ àkọ́kọ́, ó ju bọ́ọ̀lù sí ẹ̀yìn ẹni tí ń tẹ̀ lé e, ó bọ́ sílẹ̀, àwọn alátakò sì gbé e lọ. Nígbà tí ó wọ mọ́tò, a bi í pé ta ni ó ń wò. Ó ní bọ́ọ̀lù ni òun ń wò. A dé ilé, a tún fi fídíò Frazier sí i.