Ààfin Ẹnu Ọ̀nà: Orúkọ àti Àṣà Ọ̀dọ́ ní Niamey

Láti ìgbà tí Theodore Roszak ti kọ ìwé lórí àṣà àtakò àwọn ọ̀dọ́ Amẹ́ríkà ní 1969 ni àwọn onímọ̀ ti ń fi ọ̀rọ̀ náà wọn ọ̀dọ́ ibi gbogbo, bí ẹni tó ń fi bàtà kan ṣoṣo wọn ẹsẹ̀ gbogbo ará ọjà. Ẹni tó bá gba Kirkissoye kọjá nírọ̀lẹ́, ní apá ọ̀tún odò Ọya ní Niamey, níbi tí oko ìrẹsì ti bá ilé pààlà, yóò rí àwọn ọ̀dọ́kùnrin tí wọ́n jókòó lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ń se tíì lórí èédú, orin ráàpù ń dún, orúkọ ẹgbẹ́ wọn sì wà lára ògiri. Ó rọrùn láti sọ pé Amẹ́ríkà ni wọ́n ń wò ṣe. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Orúkọ tí wọ́n sọ ara wọn ni ẹ̀rí mi.

Fada ni wọ́n ń pe irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀. Ní èdè Hausa, fada ni ààfin, ibi tí ọba àti àwọn ìjòyè ti ń jókòó. Ní 9 oṣù kejì 1990, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, tó wà ní apá odò kan náà pẹ̀lú Kirkissoye, fẹ̀hónú hàn dé orí afárá Kennedy. Àwọn agbófinró yìnbọn; ó kéré tán, akẹ́kọ̀ọ́ 3 kú. Ní àkókò ìyanṣẹ́lódì yẹn ni fada bẹ̀rẹ̀. Ṣáájú ìgbà náà, Seyni Kountché, tó gbàjọba ní 1974, ti kó ọ̀dọ́ jọ sábẹ́ Samariya. Ẹgbẹ́ ìjọba nìyẹn. Ìjọba kọ́ ló dá fada sílẹ̀.

Àwọn àgbà ní orúkọ mìíràn fún ìjókòó yìí: zaman kashin wando, ìjókòó tó ń pa ṣòkòtò, nítorí ìdí ṣòkòtò a máa já níbẹ̀. Orúkọ ẹ̀gàn ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni "beatnik", tí Herb Caen, akọ̀ròyìn San Francisco, fi ìrù Sputnik àwọn ará Rọ́ṣíà so mọ́ ní 1958. Bẹ́ẹ̀ sì ni "ọmọ ìta" tiwa. Ẹlòmíràn ló sọ wọ́n lórúkọ. Ṣùgbọ́n ní Niamey, ẹni tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́ fi ilé ọba sọ ara rẹ̀. Ẹ̀fẹ̀ wà níbẹ̀, àmọ́ ẹ̀tọ́ ni wọ́n fi ẹ̀fẹ̀ náà béèrè. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ Amẹ́ríkà ìgbà yẹn fi ilé bàbá wọn sílẹ̀. Ẹnu ọ̀nà bàbá ni fada jókòó sí, wọ́n sì ń kí àgbà tó bá kọjá. Iṣẹ́, ìyàwó àti ilé tara ẹni ni wọ́n ń wá, ohun tí bàbá wọn ní gan-an. Èwo ni àtakò níbẹ̀?

Ìwé tó kún jù tí mo mọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí ni ti Adeline Masquelier, Fada: Boredom and Belonging in Niger (2019). Ó rí i kedere pé tíì, tí wọ́n ń bù lẹ́ẹ̀mẹta, láti orí kíkorò dé orí dídùn, ló ń sọ ìdúródeni di ohun tó ní ìtumọ̀. Síbẹ̀, kí ni ìsúni ń ṣe níwájú nínú àkọlé? Àwọn ọ̀dọ́ náà kò fi í sọ ara wọn.

Ohun kan wà tí mo bá wọn wí lé lórí. Ààfin yìí kì í sábà ní àga fún ọmọbìnrin. Nínú èyí, wọ́n jọ ààfin àwọn bàbá wọn jù. Níbẹ̀ gan-an ni ǹ bá ti fẹ́ rí àtakò, n kò sì rí i.