Àdàlù Tí Kò Pa Adùn: Àwo Orin Àkọ́kọ́ Ẹgbẹ́ Mozaik

Ọ̀kan lára àríyànjiyàn tí kì í tán láàrin àwọn lámèyítọ́ orin ìbílẹ̀ ni pé, bí orin ìlú kan bá dà pọ̀ mọ́ ti ìlú mìíràn, ǹjẹ́ kò ní sọ ilé nù? Àwo orin àkọ́kọ́ tí ẹgbẹ́ Mozaik gbé jáde ní 2004, Live from the Powerhouse, yẹ ní yíyẹ̀wò lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Ojú agbo ni wọ́n ti gba orin inú rẹ̀ sílẹ̀, ní ìlú Brisbane ní Ọsirélíà, ní oṣù kẹta ọdún 2002. Akọrin márùn-ún ló wà níbẹ̀: Andy Irvine, tí a bí ní London ṣùgbọ́n tí orin Írẹ́láńdì di tirẹ̀, Dónal Lunny, ọmọ Írẹ́láńdì, Bruce Molsky, onígòjé ará Amẹ́ríkà, Nikola Parov, tí a bí ní Sofia, tí Họ́ńgárì sì di ilé rẹ̀, àti Rens van der Zalm, ará Họ́láńdì.

Kókó iṣẹ́ wọn hàn nínú “Smeseno Horo”, orin ijó Bùlgáríà. “Àdàlù” ni ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ nínú orúkọ náà, nítorí pé ìwọ̀n ìlù rẹ̀ kì í dúró lójú kan; ẹsẹ̀ kúkúrú àti ẹsẹ̀ gígùn a máa gba ipò lọ́wọ́ ara wọn. Orúkọ yìí bá iṣẹ́ ẹgbẹ́ náà mu. Nínú ìkòkò àdàlù, àgbàdo kì í di ẹ̀wà, ẹ̀wà kì í sì í di àgbàdo. Síbẹ̀, ṣíbí kan náà la fi ń bù wọ́n. Bẹ́ẹ̀ náà ni orin gòjé Amẹ́ríkà ṣe tẹ̀ lé “The Rocky Road to Dublin” ti Írẹ́láńdì, láìjẹ́ pé ọ̀kan di ẹrú èkejì.

Ẹni tó bá ní olè jíjà ni èyí gbọ́dọ̀ wo ìtàn. Bouzouki, ohun èlò olókùn tí ó ti Gíríìsì wá, kò sí nínú orin Írẹ́láńdì ṣáájú àwọn ọdún 1960. Lunny wà lára àwọn tó sọ ọ́ di ọmọ onílé. Ọdún 1968 ni Irvine kọrí sí ilẹ̀ Balkan, tó sì ti ibẹ̀ mú orin wọn bọ̀. Ẹgbẹ́ Planxty, tí òun àti Lunny jọ wà, ti fi “Smeseno Horo” sínú àwo wọn ní 1979. Ẹni tó jókòó ti oníṣẹ́ kọ́ṣẹ́, a kì í pè é ní olè.

Àbùkù àwo yìí kò ṣeé fojú fò. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ló gba èyí tó pọ̀ jù nínú ìtàn tí wọ́n fi orin sọ. Nínú “Never Tire of the Road”, tí Irvine kọ láti bu ọlá fún Woody Guthrie (1912–1967), olùgbọ́ mọ ẹni tí à ń ròyìn àti ohun tó jà fún. Ilẹ̀ Balkan kò rí irú àyè bẹ́ẹ̀ tó. Ẹsẹ̀ ijó rẹ̀ la gbọ́ ju ẹnu rẹ̀ lọ. Bí ènìyàn márùn-ún bá péjọ, tí èdè kan ṣoṣo sì ń ròyìn fún gbogbo wọn, ìdọ́gba kò tíì pé.

Síbẹ̀, àṣeyọrí rẹ̀ ju àbùkù rẹ̀ lọ. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ fún olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ tó ń múra ìdánwò ni pé, bí a bá ń yẹ iṣẹ́ olórísun púpọ̀ wò, kí a má dúró lórí bíbéèrè ibi tí èròjà ti wá. Kí a wo iṣẹ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ṣe níbi tí ó wà, kí a sì wo ẹni tí a kò fún láyè láti sọ̀rọ̀. Ibẹ̀ ni ìdájọ́ òdodo ti ń bẹ̀rẹ̀.