Kí ni PASEC ń wọ̀n ní Anié? Lámèyítọ́ ìdánwò ìwé-kíkà àti ìṣirò kan

Ìjábọ̀ PASEC ti ọdún 2014 ni mo fẹ́ yẹ̀ wò níhìn-ín, pàápàá apá tó jẹ mọ́ àwọn ọmọ CP2, ìyẹn kíláàsì kejì ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. CONFEMEN, àjọ àwọn mínísítà ètò-ẹ̀kọ́ láwọn orílẹ̀-èdè tó ń lo Faransé, ló dá ètò ìdánwò náà sílẹ̀ ní 1991. Orílẹ̀-èdè mẹ́wàá ló kópa ní 2014, Tógò àti Benin sì wà lára wọn. Nígbà tó fi di 2019 wọ́n ti di mẹ́rìnlá. Ìpele méjì ni wọ́n ti ń dán àwọn ọmọ wò, CP2 àti CM2 tó jẹ́ kíláàsì ìkẹyìn. Ohun méjì ni wọ́n sì ń fún ní máàkì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: èdè, ìyẹn ìwé-kíkà, àti ìṣirò. Àríyànjiyàn mi kò ju ẹyọ kan lọ. Fún ọmọ CP2 ní Anié, àti ní ọ̀pọ̀ ibi tó dà bí Anié, máàkì méjèèjì kò yà síra tó bí ìjábọ̀ náà ṣe yà wọ́n. Máàkì ìṣirò gbé Faransé pọ̀n sẹ́yìn.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ibi tí à ń sọ. Anié wà ní àríwá Atakpamé, lójú títì ńlá tó ti Lomé lọ sí Sokodé. Ìlú ọjà ni. Wọ́n ń gbin òwú lágbègbè rẹ̀, ilé-iṣẹ́ ṣúgà sì wà níbẹ̀. Ifɛ̀, tí àwọn mìíràn ń pè ní Ana, ni èdè àwọn onílẹ̀. Inú agboolé èdè Yorùbá ni Ifɛ̀ wà, àwọn tó ń sọ ọ́ sì máa ń tọ orírun wọn dé Ilé-Ifẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ayé ìjọba Jámánì ni àwọn àgbẹ̀ Kabiyè ti ń ti apá Kara wá tẹ̀dó sí ẹ̀bá ọ̀nà náà, Éwé sì wà lẹ́nu ọjà. Èdè mẹ́ta lè jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan ṣoṣo. Faransé kọ́ ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ náà gbé ti ilé wá. Nígbà tí Tógò ṣàtúntò ètò-ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní 1975, Éwé àti Kabiyè ni wọ́n mú gẹ́gẹ́ bí èdè orílẹ̀-èdè tí ilé-ìwé yóò máa kọ́. Ifɛ̀ kò sí nínú méjèèjì.

PASEC kì í sọ máàkì ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan. Ó ń ṣa ilé-ẹ̀kọ́ lẹ́ṣà, ó sì ń fi wọ́n sọ̀rọ̀ nípa odindi orílẹ̀-èdè. Bí irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ ṣe rí nìyẹn, n kò sì ka ìyẹn sí àléébù. Ní àpapọ̀ orílẹ̀-èdè mẹ́wàá, ó lé ní 70% àwọn ọmọ CP2 tí kò dé òṣùwọ̀n nínú èdè. Nínú ìṣirò, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì. Ẹni tó bá fi iye méjèèjì wéra lè sọ pé ọ̀ràn ìṣirò sàn díẹ̀. Kí ó tó sọ bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí ó wo ohun tí wọ́n ní kí ọmọ ṣe.

Ọ̀kan nínú iṣẹ́ ìṣirò CP2 ni pé kí ọmọ máa ka òǹkà sókè láti orí oókan. Èdè tí ilé-ìwé fi ń kọ́ni ni èdè ìdánwò, nítorí náà Faransé ni ti ọmọ Tógò. Òǹkà Faransé ń lọ geere ní mẹ́wàá mẹ́wàá títí dé 69. Lẹ́yìn náà ló yí padà: 70 di soixante-dix, ọgọ́ta àti ẹ̀wá, 80 di quatre-vingts, ogún lọ́nà mẹ́rin, 90 di quatre-vingt-dix, ogún lọ́nà mẹ́rin àti ẹ̀wá. Ọmọ Kinshasa tí òun náà ń kọ́ Faransé kò rí wàhálà yìí, torí pé septante àti nonante ni Bẹ́ljíọ̀m fi sílẹ̀ fún un. Ẹ wá wo Yorùbá. Ọgọ́rin náà jẹ́ ogún lọ́nà mẹ́rin, gẹ́gẹ́ bíi ti Faransé, ṣùgbọ́n àádọ́rin jẹ́ ọgọ́rin dín mẹ́wàá, àádọ́rùn-ún sì jẹ́ ọgọ́rùn-ún dín mẹ́wàá. Ibi tí Faransé ti ń rò ó pọ̀ ni àwa ti ń yọ kúrò. Ifɛ̀ kì í ṣe Yorùbá àjùmọ̀lò, n kò sì ní fi òǹkà tiwa rọ́pò tirẹ̀. Ohun tí mo ń tọ́ka sí ni pé gírámà wà nínú orúkọ òǹkà, èdè kọ̀ọ̀kan ló sì ní tirẹ̀. Bí ọmọ kan bá dúró sórí soixante-neuf, kí ni kò mọ̀? Ó lè jẹ́ pé kò mọ̀ pé òǹkà mìíràn tẹ̀ lé 69. Ó sì lè jẹ́ pé ó mọ̀, kó jẹ́ pé orúkọ Faransé rẹ̀ ni kò tíì há sórí. Máàkì kan náà ni àwọn ọmọ méjèèjì máa gbà.

Nínú ìwé-kíkà, ọ̀ràn náà hàn sí gbangba díẹ̀, torí pé Faransé ni wọ́n sọ pé àwọn ń wọ̀n. Síbẹ̀, fáwẹ̀lì àìránmúpè méje ni Ifɛ̀ ní, bíi ti Yorùbá, èyí tí Faransé ń kọ ní u nínú rue kò sì sí nínú wọn. Ọmọ tó bá ka rue bíi roue lè ti mọ lẹ́tà náà dáadáa; ètè rẹ̀ ni kò tíì mọ ìró náà. Ẹni tó ń ṣe ìdánwò fún un ló máa dá a lẹ́jọ́ lójú ẹsẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ fonọ́lọ́jì tó bá ń wá iṣẹ́ àpilẹ̀kọ lè bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀.

Ìjábọ̀ náà fúnra rẹ̀ fún wa ní ẹ̀rí tó ta yọ jù. Burundi, ọ̀kan lára àwọn orílẹ̀-èdè tó tálákà jù láyé, ló ṣe dáadáa jù ní ìpele àkọ́kọ́: nǹkan bí ọmọ mẹ́jọ nínú mẹ́wàá dé òṣùwọ̀n nínú èdè. Kirundi ni wọ́n fi kọ́ wọn, òun náà ni wọ́n fi dán wọn wò. Nígbà tí àwọn ọmọ CM2 ibẹ̀ ṣe ìdánwò ní Faransé, àwọn ló tún wà níwájú nínú ìṣirò. Ẹni tó mọ iṣẹ́ tí Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1970 kò ní ya ẹnu: àwọn ọmọ tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n yí sí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún kẹta, Gẹ̀ẹ́sì wọn kò sì rẹlẹ̀.

Ṣùgbọ́n mo gbọ́dọ̀ sọ èyí tó ta ko èmi náà. Burundi fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ elédè kan, Yorùbá sì ni èdè àwọn ọmọ Fafunwa. Anié kò rí bẹ́ẹ̀. Bí a bá fi Ifɛ̀ ṣe ìdánwò níbẹ̀, ọmọ Kabiyè ni yóò kàn dúró sí ipò tí ọmọ Ifɛ̀ wà lónìí. N kò sì ní ìjà kankan pẹ̀lú ìdánwò CM2: Faransé ni wọn yóò fi ṣe CEPD, ó yẹ kí a mọ bí wọ́n ṣe gbọ́ ọ tó.

CP2 ni mo dúró lé. Kí wọ́n jẹ́ kí ọmọ kọ́kọ́ ka òǹkà ní èdè tó bá yàn, kí ó tó kà á ní Faransé, kí wọ́n sì kọ ibi tó dé nínú méjèèjì sílẹ̀ lọ́tọ̀. Yóò gba pé kí wọ́n wá ẹni tó gbọ́ Ifɛ̀, ẹni tó gbọ́ Kabiyè, kí wọ́n sì dá wọn lẹ́kọ̀ọ́. Owó wà níbẹ̀, àkókò náà wà níbẹ̀. Bí wọn kò bá lè ṣe é, ó kéré tán kí wọ́n yí orúkọ òpó kejì nínú tébù padà, kí wọ́n pè é ní ìṣirò ní Faransé.