Ojú Ta Ni Ó Rí I? Ìwé Hallen àti Sodipo lórí Mímọ̀ àti Gbígbàgbọ́

Ní ọdún 1986 ni Barry Hallen àti J. Olubi Sodipo gbé ìwé Knowledge, Belief and Witchcraft jáde. Àwọn oníṣègùn Yorùbá ni àwọn onímọ̀ ọgbọ́n-orí méjèèjì yìí fi ṣe olùkọ́. Ohun tí ènìyàn fi ojú ara rẹ̀ rí, tí ọkàn rẹ̀ sì jẹ́rìí sí, ni àwọn àgbà wọ̀nyí ní ó mọ̀. Èyí tí a sọ fún un, ó gbà á gbọ́ ni, títí yóò fi dán an wò. Nípa bẹ́ẹ̀, púpọ̀ nínú ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ sáyẹ́ǹsì kà nínú ìwé kò tíì ju ìgbàgbọ́ lọ. Ẹni tí ó ti ń sọ pé Yorùbá kì í bèèrè ẹ̀rí gba èsì rẹ̀ níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ní ọdún 1980, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé àrùn Olóde (àwọn àgbà kì í fẹ́ dá orúkọ rẹ̀ gan-an) ti tán láyé. Ojú ta ni ó rí i pé kò sí níbì kankan mọ́? Àwọn olùwádìí ni wọ́n lọ láti abúlé dé abúlé, tí wọ́n ń fi àwòrán aláìsàn han àwọn ará ilé, tí wọ́n ń wádìí. Èyí ha jẹ́ ìgbàgbọ́ lásán bí? Àgbà tí ó bá ń dá ẹjọ́ kò ní sọ bẹ́ẹ̀. Bí ẹ̀rí ọ̀pọ̀ ènìyàn bá bára mu, ó tó o.

Ní ọdún 2020, àwọn tí ó ní àwọn kò rí ẹni tí kòrónà pa kì í ṣe òpè. Ẹ̀rí ni wọ́n ń bèèrè, bí àwọn oníṣègùn wọ̀nyẹn. Bí ojú ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe lè di ìmọ̀ ẹnì kan, ìbéèrè tí ó kù nìyẹn.