Àwọn Tó Ń Ti Géètì Kí Ìjì Tó Dé

Ọ̀pọ̀ ọmọ iléèwé láti ìlú Ìdèrè ló jẹ́ pé Ìbàdàn ni wọ́n ti ń fojú kan kìnnìún fún ìgbà àkọ́kọ́, nínú ọgbà ẹranko Yunifásítì Ìbàdàn tó ti wà láti 1948. Bí òjò bá ṣú dẹ̀dẹ̀, tí wọ́n ní kí àlejò máa jáde, àwọn ọmọ á máa kùn. Èmi kì í bá wọn kùn. Iṣẹ́ ọlọ́gbọ́n gidi ni títi ọgbà ẹranko.

Igi ńlá ló ń ṣe ìbòòji níbẹ̀, igi náà ni ìjì sì ń wó. Ẹ̀ka kan péré tó já lu wáyà lè ṣí ọ̀nà fún ẹranko, ó sì lè pa ẹni tó ń wòran. Ti àwọn olùtọ́jú ló wú mi lórí jù. Wọn kì í pàṣẹ fún kìnnìún. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń fi oúnjẹ tàn án wọ yàrá inú, títí yóò fi mọ́ ọn lára, kí ọjọ́ àrá tó dé. Níbi tí èrò bá ti ń pariwo, ẹranko tí ẹ̀rù ń bà kò ní wọlé wọ́ọ́rọ́.

Àwọn olùtọ́jú náà mọ ohun tí omi ń ṣe. Omíyalé 26 Oṣù Kẹjọ 2011 ya wọ Yunifásítì náà, títí dé ọgbà ẹranko. Ní ọgbà ẹranko Miami, ní Amẹ́ríkà, nígbà tí ìjì Georges ń bọ̀ ní 1998, ilé ìyàgbẹ́ àwọn àlejò ni wọ́n kó ẹyẹ flamingo ẹlẹ́sẹ̀ gígùn sí. Ta ni ìbá ráyè ṣe ìyẹn bí àlejò bá ṣì tò sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀?